Ajogún Tó Ń Bá Ajogun Jìjàkadì

Àbámẹ́ta, 4 oṣù kẹta

"Kò burú" ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ ohun tí mò ń gbà láti ṣe. Adarí ló ní kí kálukú wa dá ẹ̀dá kan fún ìwé eré tó fẹ́ tẹ̀ jáde. Oníbàtà ní òun máa dá alágbẹ̀dẹ tó ń jẹ irin. Ìyá Ìbejì ní òun máa dá olè, nítorí olè náà ló máa ń ṣe látìgbà tí a ti ń pàdé. Ó wá ku èmi. Adarí wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ìwọ ni kí o bá wa dá oníjà. Kì í ṣe oníjà idà o. Ọwọ́ lásán. Ẹni tó ní agbára inú, tó ti inú ìtàn àwọn àgbà jáde wá." Mo ní kò burú.

Ó burú. Mi ò jà rí láyé mi. Nígbà tí mo wà níléèwé, bí ìjà bá bẹ́, èmi ni mo máa ń bá àwọn tó ń jà di báàgì wọn mú.

Ìparí oṣù kẹrin ni ìwé ń lọ sílé ìtẹ̀wé. Bí ẹ̀dá tèmi kò bá ṣe é lò, ojú ewé mi á di ti ẹlòmíràn.

Òjò ò tíì rọ̀. Ooru inú ṣọ́ọ̀bù Oníbàtà pọ̀ débi pé gọ́ọ̀mù bàtà ń yọ́ fúnra rẹ̀ lórí tábìlì tí a fi ń ṣeré.


Àìkú, 5

Màmá bi mí lónìí pé, "Eré wo gan-an ni ẹ máa ń jókòó ṣe ní gbogbo Àbámẹ́ta, tí n kì í gbọ́ ariwo bọ́ọ̀lù?"

Mo ṣàlàyé. Kálukú wa mú èèyàn kan tó kọ sórí ìwé. Adarí á sọ ibi tí wọ́n dé àti ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Àwa á sọ ohun tí èèyàn wa ṣe. Bí nǹkan ọ̀hún bá le, a ó da dáìsì ká mọ̀ bóyá ó bọ́ sí i.

Màmá rò ó díẹ̀. "Àlọ́ ni nígbà yẹn."

"Àlọ́ tó ní dáìsì ni, Mà."

"Ta ló máa ń borí?"

"Kò sẹ́ni tó ń borí."

Ó wò mí bí ẹni tí mo sọ fún pé mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Àbúrò mi wà lórí àga gígùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpótí, kò rẹ́rìn-ín. Tẹ́lẹ̀, irú ọ̀rọ̀ Màmá báyìí, á ti yí ṣubú lórí àga. Láti oṣù kìn-ín-ní tí wọ́n ti fi irin sí orúnkún rẹ̀ ló ti wà lọ́dọ̀ wa. Dókítà ní yóò rìn. Ní ti júdò, ìjàkadì àwọn ará Japan tó fi ń ṣiṣẹ́, ó ní ká má sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ṣì máa ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Kì í ṣí i wò.

Mi ò tíì sọ fún un, ṣùgbọ́n oníjà yìí, òun ni mo fẹ́ dá a fún.


Ọjọ́rú, 8

Mo bẹ Màmá kó tún ìtàn obìnrin oníjàkadì yẹn sọ fún mi, èyí tó máa ń sọ nígbà tí a wà ní kékeré. Ó ń gé èékánná lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní obìnrin kan wà tó lọ bá àwọn ajogun nínú igbó wọn: Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Èṣe, àti Ikú tó jẹ́ ọ̀gá wọn. Ó ní kí wọ́n bọ́ síta, kí wọ́n yéé ká ọmọ aráyé mọ́lé. Wọ́n bọ́ síta. Ó gbé Àrùn, ó dá a. Ó gbé Òfò, ó dá a. Bẹ́ẹ̀ ló dá gbogbo wọn títí kan Ikú, ẹ̀yìn òun alára kò sì kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ wàràwàrà. Mo wá ṣe òfin rẹ̀. Èémí ni agbára rẹ̀. Èémí méje ló ní, bọ́tìnì kan fún èémí kan. Bó bá fẹ́ ṣe ohun tí èèyàn lásán ò lè ṣe, á san bọ́tìnì kan. Mo bu bọ́tìnì nínú agolo ìránṣọ Màmá. Ó rí mi. Ó ní bí ọ̀kan bá sọnù níbẹ̀, ara búláòsì mi lòun máa ti já òmíràn.


Ẹtì, 10

Mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Adarí pé ó jọ pé ẹ̀dá mi ṣì fúyẹ́, kí ni kí n ṣe sí i? Ó fèsì: "Fi ogún kún un."

Mo ti fi ogún kún un.


Àbámẹ́ta, 11

Ikú ti kú.

A ò tíì jókòó pẹ́. Oníbàtà ló mú oníjà mi ká fi dán an wò. Àrùn yọjú, Oníbàtà gbé e ṣánlẹ̀. Ẹ̀gbà yọjú, ó gbé e ṣánlẹ̀. Ìyá Ìbejì ò tíì ráyè yọ ọ̀bẹ olè rẹ̀ tí Ikú fúnra rẹ̀ fi jáde wá wo ohun tó ń dún. Oníbàtà da dáìsì, ó rò ó mọ́ agbára tí mo kọ, ó súfèé. Ikú lulẹ̀, kò dìde mọ́.

Adarí bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Tíṣà, Ikú ti kú."

"Mo rí i, sà."

"Kí la ó wá máa ṣe? Ẹnikẹ́ni ò lè kú mọ́ nínú eré yìí."

Ìyá Ìbejì ní ìyẹn náà dáa, ká máa lọ sílé.

"Èló lo kọ sí agbára rẹ̀ gan-an?"

"Mo fi ogún kún un bí ẹ ṣe ní."

"Ogún wo?"

"Ogún. Mẹ́wàá lọ́nà méjì."

Ó fọwọ́ méjèèjì di orí mú. "Ogún tí òbí ń fi sílẹ̀ fọ́mọ ni mo wí! Mo ní kí o sọ fún wa ohun tó jogún! Ta ló bí i, kí ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́ tó fi di oníjà!"

Tíṣà ìṣirò ni mí. Ta ló ń sọ ogún fún tíṣà ìṣirò kí ọkàn rẹ̀ lọ sórí ilẹ̀ bàbá ẹnì kan?

Oníbàtà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ká jẹ́ kóun mú orí Ikú lọ sílé fún ìyàwó òun.


Àìkú, 12

Kí ló jogún? Mo bi Màmá. Ó ní, "Èwo ni mo mọ̀? Ṣé èmi ni mo bí i?"


Ọjọ́bọ̀, 16

Mo rò pé mo ti rí i. Nínú ìtàn Màmá, ẹ̀yìn obìnrin yẹn kò kan ilẹ̀ rí. Ogún rẹ̀ nìyẹn! Mo yọ ogún tàkọ́kọ́ kúrò, mo kọ èyí sípò rẹ̀: bó ti wù kí ọ̀tá lágbára tó, kò lè gbé e ṣubú.

Inú mi dùn débi pé n kò lè pa á mọ́ra. Bí mo ṣe ti iléèwé dé, mo mú un tọ àbúrò mi lọ.

Ó kà á. "Kò ṣubú rí?"

"Kò ṣubú rí."

"Láti kékeré?"

"Láti kékeré."

Ó dá ìwé náà padà sí mi lọ́wọ́, ó rọra ṣe é, bí ẹni tó ń dá ayédèrú owó padà fún oníṣòwò tó mọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n sùn."

Oòrùn ṣì wà lókè, àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti iléèwé bọ̀ ni.


Àbámẹ́ta, 18

A dán ẹ̀dá tí kò lè ṣubú wò. Kò sẹ́ni tó kú. Kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan. Èṣe gbá a mú títí, kò ṣubú. Òun náà gbá Èṣe mú títí. Ìyá Ìbejì sùn lọ pẹ̀lú dáìsì lọ́wọ́.

Adarí ò bínú. Kò dáa kéèyàn má bínú báyẹn. Ó kàn ní, "Tíṣà, tún un rò," ó sì ń wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri.


Ajé, 20

Òjò àkọ́rọ̀. Ó wọ inú kíláàsì mi láti ojú fèrèsé kejì tí wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá tún ṣe látọdún tó kọjá. Bébà ti tún gbówó lórí. Mo bi ẹni tó ń tà á pé kí ló fà á, ó ní òun náà kàn bá a bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ kú àárọ̀" àti "ẹ kú alẹ́" nìkan ni àbúrò mi ń bá mi sọ. Mo ti wo ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwá lẹ́yìn, mi ò rí èyí tó burú níbẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn, mo ní kí ó wo ẹni tí kò lè ṣubú. Ṣé kò yẹ kó dùn mọ́ ọn ni?


Ọjọ́rú, 22

Nọ́ọ̀sì tó ń wá na ẹsẹ̀ àbúrò mi wá lónìí. Àbúrò mi ní kó máa lọ, òun ò ṣe lónìí. Nọ́ọ̀sì ní bí kò bá ń ṣe é, ẹsẹ̀ náà á gan. Àbúrò mi ní kó gan. Màmá bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń ká aṣọ tó ṣì tutù.

Mo wo ìwé eré mi, mo wò ó, mi ò mọ èwo lèwo mọ́. Mo pa á dé.


Àìkú, 26

Kí n tó gbàgbé bó ṣe lọ.

Mo wà ní ilé ìdáná, mo ń fọ abọ́. Mo gbọ́ tí Màmá ń sọ̀rọ̀ ní pálọ̀. Ìtàn yẹn ló ń sọ fún àbúrò mi. Mo ń gbọ́ ọ bọ̀: obìnrin náà dé igbó, ó pè wọ́n, wọ́n bọ́ síta. Àrùn gbé e, ó dá a. Ó dìde. Òfò gbé e, ó dá a. Ó dìde.

Mo bọ́ síta tèmi ti ọṣẹ lọ́wọ́. "Màmá! Ẹ ní òun ló dá wọn!"

"Èmi?"

"Ọjọ́rú yẹn! Ẹ ní ẹ̀yìn rẹ̀ kò kan ilẹ̀!"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún ìwọ nìyẹn." Ó kọjú sí mi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò le rárá. "Nígbà tó o wà ní kékeré, bí wọ́n bá dá a báyìí, ẹkún ni. Wàá ké títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo bá ní kò ṣubú mọ́. Àbúrò rẹ kì í ké ní tiẹ̀. Á kàn máa bi mí pé, 'Màmá, ibo ló fi kanlẹ̀? Ṣé ọwọ́ ni àbí ìdí?'"

"Èwo wá ni òótọ́ níbẹ̀?"

"Ṣé èmi ni mo mọ̀? Bí ìyá mi ṣe sọ ọ́ fún mi, ó yàtọ̀ sí méjèèjì."

Mo jókòó. Mo wo àbúrò mi. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ mọ nǹkan àkọ́kọ́ tí mo máa ń kọ́ ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé?"

"Bí wọ́n ṣe ń di èèyàn mú?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Oṣù kan gbáko. Kó ṣubú síwájú, kó ṣubú sẹ́yìn, kó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn òbí á máa wá fi ẹjọ́ sùn pé àwọn ò sanwó kí ọmọ àwọn máa yí nílẹ̀." Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún rẹ̀. "Ọdún mẹ́wàá ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Lọ́jọ́ tí ọṣẹ balùwẹ̀ yọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, kí ni mo ṣe? Mo di béésìnì mú. Mi ò fẹ́ ṣubú. Ara mi lọ sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ mi dúró sósì. Ká ní mo jẹ́ kí n ṣubú ni, n bá kàn fi ìdí kanlẹ̀, n bá bínú, n bá wẹ̀ tán. Ẹ̀yin wá kọ ẹni tí kò ṣubú rí wá fún mi. Ta nìyẹn? Mi ò mọ ẹni yẹn."

Màmá ní, "Bọ́mọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn." Mi ò mọ ẹni tó ń bá wí nínú àwa méjèèjì. Ó jọ pé òun náà ò mọ̀ ọ́n.

Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Kọ́ mi."

"Kí n kọ́ yín ní kí ni?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣubú."


Ìṣẹ́gun, 28

Mi ò lè gbé apá òsì sókè láti kọ nǹkan sójú pátákó, ọlọ́wọ́ òsì sì ni mí. Mo sọ fáwọn ọmọ kíláàsì mi pé mo fi ẹ̀gbẹ́ sùn.

A ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fóòmù sí pálọ̀. Àbúrò mi jókòó sórí àga bí ọba, ó fi ọ̀pá kan nínú ọ̀pá méjì tó fi ń rìn tì mí láyà. "Ẹ ká orí mọ́ àyà! Ẹ má wo òkè! Ẹ fi apá gbálẹ̀! Ẹ mí sóde!" Mo ń gbàgbé láti mí sóde. Ó ní gbogbo ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà ló máa ń há èémí mọ́ inú, èémí tó há mọ́ inú yẹn gan-an ló sì ń dá egungun.

Obìnrin ilé kejì kan ilẹ̀kùn, ó ní kí ló ń dún gbì, gbì. Màmá ní, "Ọmọ mi àgbà ni. Ó ń kọ́ iṣẹ́."


Ọjọ́rú, 29

Èémí! Mo ti wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí látọjọ́ yìí, mi ò rí i. Bí wọ́n bá gbé oníjà mi ṣubú, tí ó bá ṣubú dáadáa, á gba bọ́tìnì kan padà. Ìṣubú ni ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Mo kọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, apá mi ń ro mí.

Nọ́ọ̀sì wá. Àbúrò mi jẹ́ kó na ẹsẹ̀ òun. Ó bú u díẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó nà án.


Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹrin

Mo rò pé ẹnì kan fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Oníbàtà gba oníjà, ó ka òfin tuntun, ó mi orí. Kí ọ̀tá kankan tó yọjú, ó ní oníjà òun ṣubú lórí àga. Ó gba bọ́tìnì kan. Ó ní ó ṣubú lórí bẹ́ẹ̀dì. Bọ́tìnì kan. Ó rí ẹni tó ń pọn omi lọ́nà, ó kí i, ó ṣubú. Nígbà tí Àrùn fi máa dé, bọ́tìnì Màmá ti tán nínú agolo, Oníbàtà ti ń fi irin ihò okùn bàtà dípò rẹ̀.

"Ibo ni wọ́n ti ní kí n má ṣubú?" ó ní. "Ẹ fi hàn mí nínú ìwé."

Kò sí nínú ìwé. Adarí ní bí kò bá dúró títí ọ̀sẹ̀ méjì sí i, òun á fi alágbẹ̀dẹ ajẹrin kejì dí ojú ewé mi.


Àìkú, 2

Mo ròyìn Oníbàtà fún àbúrò mi, pẹ̀lú ìbínú. Mo dé ibi tó ti ń kí ẹni tó pọn omi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún rẹ̀ mú, "Yéè, ó ń dùn mí, ẹ má sọ ọ́ mọ́, ẹ tún un sọ." Màmá sáré jáde láti yàrá. A ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn látìgbà tó ti dé.

Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe ìṣubú, ìdùbúlẹ̀ ni. Bí ẹlòmíràn kò bá gbé ọ, o ò ṣubú."

Mo sáré lọ mú bírò.

"Kí lorúkọ rẹ̀?" ó bi mí.

"Mi ò tíì mọ̀."

"Ó jogún, àbí? Ẹ pè é ní Ajogún."

"Ajogun ni àwọn ọ̀tá rẹ̀ ń jẹ́."

"Kí ló burú níbẹ̀?"


Àbámẹ́ta, 15

Ó tẹ̀ lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi kọ́ ni mo pè é. Mo ń wá kọ́kọ́rọ́, mo rí i lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì, ó wọ aṣọ tó dáa. "Ṣé ẹ ò lọ mọ́ ni?"

Oníbàtà tú bàtà tó wà lórí àga tó dáa jù dànù kó lè jókòó. Kó tó kí i tán, ó ti ń yẹ ìdí ọ̀pá rẹ̀ wò, ó ní ta ló fi rọ́bà burúkú yìí sí i, ó sì ti ń gé òmíràn.

Ìyá Ìbejì ló mú oníjà lónìí. Wàhálà orúkọ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Adarí ní, "Ajogun gbá Ajogún mú láyà." Ìyá Ìbejì ní, "Ta ló gbá ta mú?" Adarí tún un sọ. Oníbàtà ní òun gbọ́ ọ lódì. Ọ̀rọ̀ di wọ́nranwọ̀nran títí Oníbàtà fi dábàá pé bó bá ti jẹ́ oníjà wa, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ máa fi ọwọ́ lu tábìlì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Láti ìta, á jọ pé à ń kan àga.

Ṣùgbọ́n ó dúró! Èṣe gbé e, ó ṣubú, ó gba èémí kan, ó dìde. Òfò gbé e. Ìyá Ìbejì ní, "Ó ṣubú. Kò tíì dìde. Ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ díẹ̀." Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀fẹ̀. Ó wá ní, "Ó dìde." Nígbà tó kan Ikú, Ikú gbé e, ó gbé e, ó gbé e, títí ó fi rẹ Ikú. Ikú gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó ní, "Màá padà wá," ó lọ. Kò sẹ́ni tó borí. Adarí ń kọ nǹkan sílẹ̀ láì wo ìwé.

Bí a ṣe fẹ́ máa lọ, mo mú ìwé oníjà náà, mo nà án sí àbúrò mi. "Tìẹ ni mo fi ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwọ ni kó o mú un."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò fẹ́ ẹ."


Àìkú, 16

Ó dùn mí díẹ̀. Mo ń bínú, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bínú sí. Mo rò pé mo ti mọ ohun tó fẹ́, mo ṣe é tán, ó dáa, gbogbo ayé ní ó dáa. Òun náà ní ó dáa. Kò fẹ́ ẹ.


Ọjọ́bọ̀, 20

Mo ti fi ojú ewé mi ránṣẹ́. Adarí bi mí pé orúkọ ta ni kóun kọ sábẹ́ rẹ̀. Mo ní kó kọ tèmi àti ti àbúrò mi. Àbúrò mi ní kí wọ́n yọ tòun kúrò, bí wọ́n bá ní kò dáa ńkọ́? Màmá ní kí wọ́n kọ tòun nígbà náà, òun ló ni ìtàn, òun ló sì ni bọ́tìnì.


Ọjọ́rú, 26

Ilé ìtẹ̀wé fi àwòkọ ránṣẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ti bọ́ gbogbo àmì ohùn dànù. Ní ojú ewé mi, ajogun ń bá ajogun jà, ajogun ṣubú, ajogun dìde, àwọn ajogun sá lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, èmi tí mo kọ ọ́, mi ò mọ ẹni tó kù lórí ìdúró. Adarí ti wọ ọkọ̀ lọ bá wọn lónìí. Ó ní òun ò ní kúrò lórí àga wọn àfi bí wọ́n bá dá gbogbo àmì náà padà níṣojú òun.


Àbámẹ́ta, 29

Àwọn àmì ti padà. Ìwé ti wọ inú ẹ̀rọ.

Àbúrò mi tún bá mi lọ lónìí. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló mú. Nígbà tí a jókòó, ó yọ bébà kan tó ká mẹ́rin nínú àpò rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú Adarí.

"Mo ti kọ tèmi," ó ní.

Adarí kà á. Ó yí i padà bóyá nǹkan wà lẹ́yìn rẹ̀. "Atukọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Obìnrin ni. Ó ń tu èèyàn sọdá odò."

"Ṣé ó lè jà?"

"Kò lè jà."

"Ó mọ oògùn ni?"

"Kò mọ nǹkan kan."

Oníbàtà nà mọ́ tábìlì. "Kí ló wá lè ṣe?"

"Ó lè ní òun ò lọ."

Adarí wò mí. Èmi náà wò ó. Mo ti lo odidi oṣù méjì lórí oníjà fún un, gbogbo ara mi ṣì ń ro mí. Mi ò tiẹ̀ gbìyànjú pé kó yé mi mọ́. Mo taari dáìsì síwájú rẹ̀.

Adarí ní ó dáa. Ó ní oníjà ti dé etí odò, olè wà lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ ń ṣú. Atukọ̀ kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, ó ní kí olè tẹsẹ̀ mọ́ra. Wọ́n dé òdìkejì. Atukọ̀ padà sí ibùdó rẹ̀. Adarí rẹ ohùn sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe bí nǹkan burúkú bá ń bọ̀. Ó ní Òfò jáde látinú igbó, ó ń tọpa wọn, ó dúró lẹ́bàá ọkọ̀. Ó ga ju igi lọ. Ó ní, "Gbé mi sọdá."

Àbúrò mi rọra na ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó ní. "Mo ti ṣíwọ́ fún tòní."

Adarí ní, "Ó ní Òfò lòun."

"Mo gbọ́. Kó jókòó síbẹ̀ yẹn. Koríko ibẹ̀ tutù díẹ̀."

Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Adarí ṣí ìwé, ó ń wá òfin, ó ń ṣí i, ó ń ṣí i. Kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí pé báyìí ni kí Òfò ṣe bí atukọ̀ bá ní òun ò lọ. Adarí bi mí pé kí ni ká ṣe. Mo ní mi ò mọ̀.

Òfò dúró létí odò títí a fi kó dáìsì kúrò nílẹ̀.